Áàpù Tí Kò Gbọdọ̀ Padà Sẹ́yìn

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ pe ọkùnrin yìí ní gbogbo orúkọ rẹ̀, kí ó má baà dá wa dúró láàárín ọ̀rọ̀ láti fi èyí tí a bá gbàgbé kún un. Ẹnjiníà Philemon Akínsànyà. Ọ̀gá Gíláàsì. Ọmọ a-fọwọ́-kan-fóònù-kí-fóònù-dìde-dúró. Aríwájú-má-wẹ̀yìn, ẹni tí ọrùn rẹ̀ kì í yí nítorí kọ́là ẹ̀wù. Èyí àkọ́kọ́ nìkan ni bàbá rẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní ìyókù, ó sì máa ń dúró títí a ó fi pè wọ́n tán kí ó tó dáhùn.

Akotogbo ni wọ́n bí i sí. Ó lọ sí Benin, ó fi oṣù díẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe áàpù sínú fóònù, ó sì padà dé bí ẹni tó lọ bá Ẹlẹ́dàá ṣe ayé. Káàdì kan wà lọ́rùn rẹ̀ tí àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀, kí ẹni tó bá ń wo ojú rẹ̀ lè fi ojú wé àwòrán, kí ó sì rí i pé kò sí ìyàtọ̀. Ó gbé káàdì náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé e lọ sí oko. Ó gbé e lọ wẹ̀ lódò. Èdè Ìkálẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún kò rọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́. Yorùbá inú rédíò ló ń sọ, á sì máa fa gbólóhùn gùn bí ẹni tó ń ka ìròyìn fún orílẹ̀-èdè.

Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìgbéraga dà bí ikùn ńlá, ẹni tó ni ín ló ń gbé e. Ọjọ́ tí Philemon gbé tirẹ̀ dé míìlì epo ni ọ̀rọ̀ di ti gbogbo wa.

Míìlì kan ṣoṣo, ibi tí ẹ̀rọ ti ń fún epo jáde lára ẹyìn, ni ẹgbẹ́ elépo ní, a sì máa ń tò níbẹ̀. Kì í ṣe èèyàn ló ń tò, apẹ̀rẹ̀ ni. Bí o bá ti gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ kalẹ̀ lẹ́yìn èyí tó ṣáájú rẹ, o lè lọ sí oko, o lè lọ sí ìsọjí, o lè lọ jẹ púpurú kí o sì sùn lé e. Nígbà tí o bá padà dé, apẹ̀rẹ̀ rẹ wà níbi tí o fi í sí. Kò sẹ́ni tó ń sún apẹ̀rẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá dán an wò, ìtìjú ni yóò fi jẹun alẹ́. Apẹ̀rẹ̀ kò ní ọpọlọ, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé ẹni tó ni ín.

Philemon dúró, ó wo ìlà apẹ̀rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín àánú. Ó sọ fún ẹgbẹ́ pé ayé ti kúrò níbẹ̀. Òun yóò ṣe áàpù tí yóò máa to ipò fún wa. Orí ibùsùn ni oníkálùkù yóò ti máa gba ipò rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ á sì lọ sinmi. Wọ́n bi í pé kí ni yóò gbà fún iṣẹ́ náà. Ó ní òun kò fẹ́ nǹkan kan, àfi oyè. Kí wọ́n fi òun jẹ Aṣáájú Elépo, kí wọ́n sì dé òun ní fìlà níwájú gbogbo ìlú. Bàbá Ẹniìtàn, olórí ẹgbẹ́, àgbà ìjọ Aládùúrà tí kì í yára fún ohunkóhun àfi àdúrà, ní kí a kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ná.

Iṣẹ́ dé.

Bí o bá ṣí áàpù náà, ojú Philemon ni ìwọ yóò kọ́kọ́ rí. Ó kún ojú fóònù láti etí dé etí. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ á jáde: "Ẹ káàbọ̀. Èmi ni Ẹnjiníà Philemon Akínsànyà, ẹni tí Ọlọ́run rí láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀." Ọ̀rọ̀ náà gùn débi pé omi tí o gbé kaná á hó, á sì gbẹ díẹ̀, kí ó tó parí. Kò sí ibi tí a ń tẹ̀ láti fò ó. Ojú ewé tó tẹ̀ lé e ni ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni o ó tó rí ibi tí o ti máa kọ orúkọ rẹ àti iye ẹyìn rẹ. Ojú ewé tó gbẹ̀yìn ló ń fi ipò rẹ hàn, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó wà níwájú rẹ àti àwọn tó wà lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni o ó ti dúró títí Láyí, oníṣẹ́ míìlì, yóò fi tẹ ibì kan lórí fóònù tirẹ̀ láti gbà ọ́ wọlé.

Màmá Eunice, tí ahọ́n rẹ̀ kò ní fìlà, ló kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀.

"Bí mo bá ṣi iye ẹyìn mi kọ, ibo ni mo máa tẹ̀ kí n fi padà sí ojú ewé tó ṣáájú?"

"A kì í padà, màmá. Ìdílé Akínsànyà kì í padà sẹ́yìn. Iwájú ni, iwájú náà ni."

"Bí mo bá ṣìnà nígbà tí mò ń lọ sí Ìrẹ̀lẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí n máa lọ síwájú títí n ó fi bọ́ sínú òkun?"

"Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni."

"Láti ojú ẹ."

"Láti ojú mi, màmá."

Ohun tí kò sọ fún un ni pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìpadà. Nínú áàpù tó pé, ojú ewé tuntun máa ń gùn lé èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni, bí abọ́ tí a tò léra. Bí o bá ti ṣe tán pẹ̀lú ti òkè, a ó gbé e kúrò, ìwọ yóò sì bá ti ìsàlẹ̀ bí o ṣe fi í sílẹ̀. Philemon kò gbé abọ́ kankan kúrò rí. Òmíràn ló máa ń gbé lé e.

Èkejì burú ju èyí lọ. Ipò rẹ kò sí níbòmíràn ju orí ojú ewé tó ṣí sílẹ̀ yẹn lọ. Bí nǹkan mìíràn bá gba ojú fóònù, áàpù á sá sẹ́yìn. Bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, fóònù á pa á kí òun fúnra rẹ̀ lè mí. Bẹ́ẹ̀ ni ìwà fóònù. Kò ṣe é bá jà. Iṣẹ́ ẹni tó ṣe áàpù ni láti kọ́ ọ pé kí ó di ohun tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ mú kí ó tó sùn, kí ó lè bá a níbẹ̀ nígbà tó bá jí. Áàpù Philemon kò di nǹkan kan mú. Bí ó bá kú, ipò rẹ ti bá a kú, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ á sì bọ́ síwájú.

Àwọn ará wa kò mọ èyí. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lo áàpù, wọ́n ṣe gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe láti ìgbà ìyá wa. Oníkálùkù gba ipò, wọ́n gbé fóònù lọ sí iwájú míìlì, wọ́n tò ó sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan níbi tí apẹ̀rẹ̀ máa ń wà, wọ́n sì bá iṣẹ́ wọn lọ. Ta ni yóò bá wọn wí? Wọ́n ní fóònù ló rọ́pò apẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, ìlà náà wà bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀, adìẹ kan tilẹ̀ jókòó sórí ti Màmá Eunice. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo fóònù ti ṣú, kò sì sí ipò ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ́. Philemon rẹ́rìn-ín títí káàdì fi ń jó lórí àyà rẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó jẹ́ gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Àgbàlagbà á gbé fóònù tó tàn sọ́wọ́ bí ẹni tó gbé àbẹ́là lọ síwájú pẹpẹ, ọwọ́ kejì á máa bò ó kí atẹ́gùn má fẹ́ ẹ pa. Ipò ṣì ń bọ́ síbẹ̀. Bí o bá lọ fẹjọ́ sùn, Philemon á gbá ọwọ́ rẹ mú, á gbóòórùn rẹ̀, á sì mi orí.

"Epo wà lọ́wọ́ yín, màmá. Gíláàsì ojú fóònù kì í gbọ́ràn sí ọwọ́ elépo lẹ́nu."

Ẹ gbọ́ o. Ó wá sí Akotogbo, ó ń bá wa wí nítorí epo. A fi ọṣẹ fọwọ́, a fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, a fi iyanrìn họ ọ́. Ọwọ́ mọ́ títí, ipò ń bọ́.

Láàárín àkókò yìí ni Philemon, tí kò gun ọ̀pẹ rí, tí kò sì lè sọ bóyá òkè ni ẹyìn ti ń so tàbí ìsàlẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí ra ẹyìn. Láti Ìlútítun ni wọ́n ti ń já a wá fún un, òkítì lórí òkítì. Ó sì yà wá lẹ́nu pé ní gbogbo àárọ̀ tí Láyí bá wo fóònù, orúkọ Philemon ló ń wà lókè téńté. Ó ní ọwọ́ mímọ́ ni.

Báwo ló ṣe rí i ṣe? Ó dàbí pé ní ọjọ́ kan ìpè kan wọlé sórí fóònù tirẹ̀ náà, ó sọ̀rọ̀ pẹ́, ó padà, kò bá ipò rẹ̀. Ẹlòmíràn ìbá jókòó tún áàpù ṣe. Philemon jókòó, ó ronú, ó sì lọ ra fóònù kejì.

Èyí tuntun ló fi ń gba ipò. Ó tóbi, ó ń dán, kò fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà rẹ̀, orí ṣáájì ló máa ń wà, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Èyí àtijọ́ ló fi ń kí èèyàn.

Ẹ ò rí i pé láti ọjọ́ náà ni ọ̀yàyà ti wọ ọmọ náà lára? Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, á wo ẹni tó wà níwájú rẹ̀, á sì pè é. Á ní, "Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Mo ní kí n kàn kí yín ni." Ìkálẹ̀ wo ló máa pa fóònù mọ́ ẹni tó ní òun kàn fẹ́ kí i ni? O ó dúpẹ́. Á béèrè ọkọ. Á béèrè àwọn ọmọ, á dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Á béèrè orúnkún tó ń dùn ọ́, á béèrè ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Okitipupa, á béèrè ewúrẹ́ tó bímọ. Ìwọ náà á béèrè tirẹ̀, nítorí pé wọ́n kọ́ ọ nílé. Nígbà tí ẹ bá fi ṣe ó dàbọ̀ tán, áàpù ti kú, ó ti tutù. Òun á sì tún pe ẹni tó kàn. Ẹlòmíràn ń fi ìjà gba ipò, ẹlòmíràn ń fi ẹjọ́ gbà á. Philemon ń fi ẹ káàárọ̀ gba tirẹ̀.

Àwọn àgbà ní ìkíni kì í pa èèyàn. Àwọn àgbà wọ̀nyẹn kò ní fóònù.

A sì ń yìn ín. A ní ọmọ tó lọ sí òkè òkun pàápàá kì í mọ àgbà tó báyìí. Ní ìjọ, wọ́n dárúkọ rẹ̀ nígbà àdúrà, wọ́n sì tan àbẹ́là fún un.

Ẹni tí ó kí jù lọ ni Mildred. Ọmọ etí òkun ni Mildred, ẹja ni ìdílé rẹ̀ ń tà láti ìran dé ìran. Ọdún yìí ló fi ẹja sílẹ̀, ó sì kó gbogbo ohun tó ní lé ẹyìn. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọmọ olómi kò mọ tọ̀pẹ, kí ó tètè máa bọ̀ nílé. Ó dá wọn lóhùn pé bí ẹyìn àkọ́kọ́ yìí bá ti lè di epo, òun ti di ará Akotogbo nìyẹn; bí ó bá bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, òun yóò di ẹrù òun, òun yóò sì padà sídìí àwọ̀n.

Ẹyìn rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ń dúró de ipò. Àárọ̀ lórí àárọ̀, Mildred á gba ipò, Philemon á sì kí i. Mildred ní tirẹ̀, ó ń dùn mọ́ ọn nínú pé ẹnjiníà ìlú mọ orúkọ òun. Ẹyìn ti bẹ̀rẹ̀ sí rùn bí ẹmu àná, ẹyìn tó bá sì bàjẹ́, kíkorò ni epo rẹ̀ máa ń korò. Mildred sì ń fọ ọwọ́ rẹ̀ títí awọ fi ń bó.

Bàbá Ẹniìtàn kò lè sún ọ̀rọ̀ oyè síwájú mọ́. Áàpù wà, àwọn èèyàn ń lò ó, ẹni tó ṣe é mọ èèyàn kí. Wọ́n dá ọjọ́.

Gbọ̀ngàn ìjọ ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀nà ni ó là á láàárín pẹ̀lú míìlì. Philemon yá sípíkà ẹgbẹ́ akọrin. Ó gbé pùròjẹ́kítọ̀ wá láti Okitipupa kí ojú fóònù rẹ̀ lè hàn lára ògiri. Ó ta bánà kan sí oríta tí ojú rẹ̀ tóbi lára rẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Nísàlẹ̀ bánà náà ló kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ méjèèjì sí, èyí tí a mọ̀ àti èyí tí a kò mọ̀, kí àwọn tó ń kọjá lọ sí Ìrẹ̀lẹ̀ má baà rò pé fóònù kan ṣoṣo ló ní.

Ó tún ṣètò kan pẹ̀lú Láyí. Kí Láyí má tíì gba ẹnikẹ́ni wọlé lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n bá dé òun ní fìlà tán, kí ó wo ẹni tó wà lókè, kí ó sì tan ẹ̀rọ fún un, kí gbogbo Akotogbo lè gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń hó fún Aṣáájú Elépo.

Mildred kò mọ ètò yìí. Òun ló wà lókè láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ kedere, inú rẹ̀ dùn, ó dáná, ó sì da ẹyìn sínú dírọ́ọ̀mù. Ẹyìn tútù lè ní sùúrù díẹ̀. Ẹyìn tí a ti sè kì í dúró de ọba.

Ìgbà náà ni fóònù dún. Philemon ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ pè é síbi oyè. Ó béèrè gbogbo ará etí òkun, ó béèrè ọkọ̀ ojú omi, ó béèrè bí ẹja ṣe ń já. Nígbà tí wọ́n parí, Mildred padà sórí áàpù, kò bá ipò rẹ̀. Ó jókòó ti iná, ó tún gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkíni Ẹnjiníà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún kọ orúkọ. Philemon lókè, òun tẹ̀ lé e. Òkítì ẹyìn Philemon nìkan yóò gba míìlì di ọjọ́ kejì. Omi ti ń hó nínú dírọ́ọ̀mù.

Kò lè lọ síbi oyè. Ta ni yóò fi iná sílẹ̀ fún? Ó yá fóònù aládùúgbò kan kí ó fi pe Ẹnjiníà, ó sì di tirẹ̀ tó ṣì tàn sójú ewé ipò mú lọ́wọ́ kejì.

Ní gbọ̀ngàn, Philemon dìde. Káàdì wà lọ́rùn, fìlà oyè wà lórí àwo níwájú Bàbá Ẹniìtàn. Ìyá Philemon jókòó síwájú pátápátá, ó wọ aṣọ tó fi ń lọ síbi ìkórè. Philemon gbé fóònù ńlá náà sókè, ojú ewé ipò sì hàn lára ògiri.

"Ẹ wo orúkọ ẹni tó wà lókè," ni ó wí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ọwọ́ mímọ́ ni. Àwọn kan á máa rò pé ẹ̀rọ nìkan ni mo mọ̀. Ẹ bi àwọn ìyá yín. Ojúmọ́ wo ló mọ́ tí mi ò kí wọn? Èmi ò lè pa ìkíni mọ́ èèyàn lẹ́nu láéláé."

Àwọn ìyá mi orí. Òótọ́ ni.

Kò tíì gbé ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ kejì tí fóònù ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí dún. Inú sípíkà ìjọ ni ó ti ń dún, ojú ewé ipò sì pòórá lára ògiri. Nọ́ńbà ẹni tó ń pè ló gba ibẹ̀. Philemon na ìka láti pa á.

Bàbá Ẹniìtàn ní, "Ìwọ ẹni tí kì í pa ìkíni mọ́ èèyàn lẹ́nu, dá a lóhùn."

Ó dá a lóhùn.

"Ẹnjiníà," ohùn Mildred kún gbọ̀ngàn, "ẹ kú oríire o. Mo pe nọ́ńbà yín tí mo mọ̀, ẹ ò gbé e. Mo ní kí n pe èkejì tó wà lára bánà. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ẹ kú àlejò. Ẹ kú ọ̀yàyà tí ẹ ń ṣe sí wa."

"Ẹ ṣé, màmá. Ó dàbọ̀."

"Ìyàwó ńkọ́?"

"Ó wà."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, wọ́n wà."

"Ìyá yín ńkọ́?"

"Ó ti sùn."

Ìyá rẹ̀ wò ó láti orí àga níwájú, ojú rẹ̀ là kedere. Mildred ní oorun dára fún àgbà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí béèrè àwọn ará Benin tó kọ́ ọ níṣẹ́. Àwọn ọmọ etí òkun kì í kánjú kí èèyàn. Bí omi ṣe ń wọlé tí ó sì ń padà ni wọ́n ṣe ń kí. Òógùn ti bo Philemon. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó nílẹ̀. Ó wo ògiri, ó wo fóònù, ara rẹ̀ kò sì gbà á mọ́.

"Màmá Mildred, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á. Ẹ ti pẹ́ jù. Ipò mi á bọ́."

Àwọn ìyá tó ń mi orí dá orí dúró.

Màmá Eunice dìde. "Kí ni yóò bọ́?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì, màmá."

"Ipò lo wí. Mo gbọ́, sípíkà ìjọ náà sì gbọ́. Ṣé ìkíni ló máa ń jẹ́ kí ipò bọ́?"

"Rárá o. Ọwọ́ elépo ni."

"Ó dáa. Na ọwọ́ tìrẹ sókè ká wò ó."

Ó na ọwọ́. Ó funfun báláú bí gbágùúdá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó.

Bàbá Ẹniìtàn kò gbé ohùn sókè. Kì í gbé e sókè. "Philemon, o pè mí lánàá. O béèrè ewúrẹ́ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ṣé ewúrẹ́ mi ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn, àbí ipò mi?"

Philemon bẹ̀rẹ̀ sí tún káàdì ọrùn rẹ̀ tò. Ní gbogbo gbọ̀ngàn, oníkálùkù ti ń yí padà sí ẹni tó jókòó tì í. Ó kí ìwọ náà? Àárọ̀ wo? Ṣé ọjọ́ tí ipò rẹ bọ́ kọ́ nìyẹn? Ẹnì kan rántí pé ó béèrè ọmọ òun tí òun kò tíì bí. Obìnrin kan tó ti gbààwẹ̀ fún Philemon lọ bi wòlíì bóyá wọ́n lè gba ààwẹ̀ padà. Wòlíì ní kò tíì sí irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n òun yóò béèrè.

Nínú gbogbo èyí, Mildred kò pa fóònù. Kò mọ̀ pé gbogbo ìlú ló ń gbọ́ òun. Ó ti kí i tán, ó wá kan ohun tó tìtorí rẹ̀ pè.

"Ẹnjiníà, ẹ̀bẹ̀ kékeré kan ni o. Ẹyìn mi ti jinná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣáájú yín lónìí. Bí ó bá bàjẹ́, mi ò lè dúró sí Akotogbo mọ́, mò ń padà sílé ni."

Màmá Eunice yọ fóònù tirẹ̀, ó wo ojú ewé ipò, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá gbé ẹnu sún mọ́ fóònù Philemon, ó ní, "Mildred, má bẹ ẹnikẹ́ni. Òun ti jábọ́. Ìwọ ló wà lókè."

Philemon gbọ́ ọ. Ó já fóònù padà, ó pa ìpè, ó ṣí áàpù.

Ojú rẹ̀ kún ògiri láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ káàbọ̀. Èmi ni Ẹnjiníà Philemon Akínsànyà, ẹni tí Ọlọ́run rí láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀." Ó fẹ́ fò ó. Kò sí ibi tí a ti ń fò ó. Ó fẹ́ padà. Kò sí ibi tí a ti ń padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ibi gbogbo, ojú rẹ̀ mìíràn sì gun orí ojú rẹ̀ àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ kejì sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àkọ́kọ́ kò tíì dákẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ìkẹta dé. Abọ́ ń gun abọ́. Láìpẹ́, agbo Philemon ló ń sọ̀rọ̀ nínú sípíkà ìjọ, ọ̀kan ń kí wa káàbọ̀, ọ̀kan ń dárúkọ bàbá rẹ̀, ọ̀kan ti dé ibi tí Ọlọ́run ti rí i, òmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Èyí tó wà láàyè láàárín wọn ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dákẹ́. Kò sí èyí tó dá a lóhùn.

Bàbá Ẹniìtàn mú fìlà kúrò lórí àwo. Ó gbọ̀n ọ́n, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi í sí àpò sùtánà rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tán," ni ó wí. "Àwa ti gbọ́ ọ tó."

Ó rìn lọ sójú fèrèsé, ó sì fi ọwọ́ pe Láyí pé kí ó tan ẹ̀rọ fún ẹni tó wà lókè. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Philemon bí omi ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté, wọ́n sì sọdá sídìí míìlì lọ bá Mildred ru ẹyìn gbígbóná. Ìyá Philemon ló jáde gbẹ̀yìn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ògiri. Ó sọ fún un ní èdè Ìkálẹ̀ tí kò rọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́ pé bí àwọn èèyàn rẹ̀ wọ̀nyẹn bá parí ọ̀rọ̀ wọn, kí ó bá òun ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀rọ wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì mú iná. A kò gbọ́ ohùn Philemon kankan mọ́. Mildred bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó ti bó, kò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ, ibi tí epo yóò ti yọ nìkan ló ń wò. Ó yọ, ó pupa, ó nípọn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbọ́n díẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó sì yí ojú padà sí wa.

Kò korò.